Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Philae

Nínú àwọn gbọ̀ngàn àfihàn ní Yúróòpù, ẹ̀dà Philae, ọkọ̀ kékeré tó sọ̀ kalẹ̀ sórí ìràwọ̀ onírù, a máa dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ara rẹ̀ kò ju àpótí aṣọ ńlá kan lọ. Pánẹ́ẹ̀lì sólà ló bò ó, irin tí ń yí wọlẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àmì ogun, ìyàn tàbí ikú ọba ni àwọn ará Yúróòpù ka ìràwọ̀ onírù sí. Ní 1705, Edmond Halley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò ọ̀nà ọ̀kan nínú wọn, ó ní yóò padà wá ní 1758. Ìràwọ̀ náà dé lóòótọ́, ní oṣù Kejìlá. Halley kò rí i. Ó ti kú láti 1742. Láti ìgbà náà ni ìràwọ̀ onírù ti di àlejò tí a lè máa retí.

Àlejò yìí kan náà ni Giotto, ọkọ̀ ESA, àjọ òfurufú Yúróòpù, lọ pàdé ní oṣù Kẹta 1986. Ó kọjá ní nǹkan bí 600 kìlómítà sí i, lórí eré 68 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eruku gbá a títí ohùn rẹ̀ fi dákẹ́ fúngbà díẹ̀, kámẹ́rà rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Àwòrán tó ti fi ránṣẹ́ fi àpáta dúdú bí èédú hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sáré kọjá lójúde kò tíì wọlé. Ní 1993, ESA fọwọ́ sí Rosetta, ọkọ̀ tí yóò bá ìràwọ̀ rìn, tí yóò sì sọ ọmọ kalẹ̀ lé e lórí. Philae ni ọmọ náà.

Ìràwọ̀ onírù kékeré Wirtanen ni wọ́n kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ Philae fún. Oṣù Kìíní 2003 ni wọn ìbá gbéra. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2002, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 irú tuntun kan bàjẹ́ lójú òfurufú lẹ́yìn tó kúrò ní ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Kourou. Ariane 5 ni ìbá gbé Rosetta náà, nítorí náà ìrìnàjò dúró, Wirtanen kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n yíjú sí ìràwọ̀ onírù mìíràn, 67P, tí Churyumov àti Gerasimenko rí ní 1969. Èyí tóbi jù, yóò sì fa Philae wálẹ̀ pẹ̀lú agbára jù, nítorí náà wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ mú le.

Rosetta gbéra ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2004. Ọdún mẹ́wàá ló fi rìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2014 ó tú Philae sílẹ̀, wákàtí méje ni ọmọ náà sì fi ń bọ̀ nílẹ̀. Ohun tó wúwo tó 100 kìlógíráàmù láyé kò ju nǹkan bí gíráàmù kan lọ níbẹ̀: ewé lásán. Ọ̀kọ̀ oníwọ̀ méjì ni ìbá dè é mọ́lẹ̀, wọn kò yìn. Afẹ́fẹ́ tí ìbá tì í mọ́lẹ̀ láti òkè kò ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì ta padà sókè bí bọ́ọ̀lù, ó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ kó tó tún fara balẹ̀, lábẹ́ òjìji àpáta. Bátìrì rẹ̀ kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi tán, ó sì sùn lọ. Ní Cologne, ní Jámánì, lára ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nílé ni àwọn ẹnjiníà ti ń dán àṣẹ wò kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sókè.

Ní oṣù Kẹfà 2015 Philae jí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 9 oṣù Keje, kò fọhùn mọ́. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2016 ni kámẹ́rà Rosetta tó rí i, láti 2.7 kìlómítà, ó há sínú pàlàpálá òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sókè. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n darí Rosetta fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí ìràwọ̀ náà. Ní oṣù Kọkànlá 2021, 67P tún yí ìdí oòrùn kọjá, ó gbé àwọn méjèèjì dání.