Ta Ni Ó Ni Sáìnì àti Fẹ́kítọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Arlington yìí ni ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ní 1967, ní Dallas tí kò jìnnà sí wa, Texas Instruments ṣe ẹ̀rọ ìṣirò tí a lè gbé lọ́wọ́. Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń sọ iye sáìnì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tí sáìnì jẹ́. Bí àbúrò wa nílé bá bèèrè, kí ni a ó wí fún un?

Àwọn ará Íńdíà ìgbàanì ni wọ́n sọ sáìnì ní jya, èyíinì ni okùn ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Ẹ fa ìlà láti etí kan dé èkejì lára apá kan òbìrìkìtì, ẹ ó rí ọrun àti okùn rẹ̀. Ìdajì okùn náà ni sáìnì. Àwọn Lárúbáwá gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ láìfi fáwẹ̀lì sí i. Ní ọ̀rúndún kejìlá, àwọn ará Yúróòpù tí ń túmọ̀ ìwé wọn sí Látìn kà á sí ibi àyà aṣọ, wọ́n sì pè é ní sinus. Bí ẹni tí kò fi àmì sọ́rọ̀ ni: ọrun ọdẹ ni, àbí ọrùn ènìyàn, àbí ọ̀run?

Fẹ́kítọ̀ kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Hamilton ará Dublin ni ó fún un lórúkọ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ti 1843. Ní 1881, Gibbs tẹ ìwé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale. Ẹ wo ọlọ́kọ̀ lórí ọ̀sà Èkó. Bí ó bá wa ọkọ̀ síwájú ní máìlì 4, tí omi sì gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní máìlì 3, máìlì 5 ni ó fi jìnnà sí ibi tí ó ti gbéra, kì í ṣe 7. Ìròpọ̀ fẹ́kítọ̀ nìyẹn.

Báwo ni ó ṣe dé ilé-ìwé wa? Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà rán Sputnik sójú sánmà ní 1957, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìṣirò ilé-ìwé ṣe. Ní 1962, àwọn olùkọ́ láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó péjọ ní Entebbe ní Ùgáńdà láti kọ ìwé ìṣirò tuntun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams, tí wọ́n gba oyè dókítà ní Chicago ní 1963, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ń ráhùn, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ kò sì tó. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ fòfin de "modern mathematics".

Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ náà kọ́ ni ó burú. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ará Íńdíà wo ọrun rẹ̀, ó fi sọ sáìnì lórúkọ. Àwa náà ní ọrun, a ní ọkọ̀ ojú omi, a sì ní èdè. A rọ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹnjiníà pé kí olúkúlùkù yín mú ọ̀rọ̀ ìṣirò kan wá sí ìpàdé wa, kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ títí tí ẹni tí kò ṣe ìṣirò yóò fi gbọ́ ọ yé. A ó máa tẹ̀ wọ́n sínú ìwé yìí, kí a lè fi ránṣẹ́ sílé.