Ọpọ́n Ayò Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí



Àwọn baba wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà béèrè lè mú wa ṣìnà. Ọjà Ṣàngó, n'Íbàdàn níbí, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣèwádìí lórí bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń da pàǹtí nù. Èmi ni mo túmọ̀ ìwé ìbéèrè rẹ̀ sí Yorùbá. Ìdáhùn márùn-ún ló wà fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti orí "mo gbà gidigidi" títí dé "n kò gbà rárá". Ìyá eléèlùbọ́ kan gba gbogbo rẹ̀ gidigidi, títí kan méjì tó ta ko ara wọn. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí, ó rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ẹ wá kí mi nídìí ọjà, ṣé kí n wá máa bá yín jiyàn ni?"

Ohun tó ń ṣe pàtàkì jù nínú ìwádìí nìyí: ṣé ohun tí a ní à ń wọ̀n gan-an ni à ń wọ̀n? Ìwà ọmọlúàbí ni ìwé tiwa wọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàǹtí. Èmi tí mo túmọ̀ rẹ̀ ni mo jẹ̀bi.

Àwọn kan ti rí ìṣòro yìí ṣáájú wa. Ní 1977, David Barker, Julius Ògúntóyìnbó àti Paul Richards gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ìwúlò ìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1979, Barker ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ọpọ́n ayò mọ èrò àgbẹ̀ nípa àyíká rẹ̀. Ilé 12 àti ọmọ 48 tí gbogbo wa mọ̀ náà ni: dípò kí àgbẹ̀ fa ìlà sórí ìwé, ọmọ ayò ni yóò fi sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó lójú rẹ̀.

Nínú ìwé tí Richards tẹ̀ jáde ní 1985, Indigenous Agricultural Revolution, ó fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ mọ ibi tí tata ń yé ẹyin sí nínú ilẹ̀. Wọ́n tún mọ ohun tí àwọn onímọ̀ kò rò láti béèrè: pé àwọn kan ń jẹ tata, wọ́n sì ń tà á.

Síbẹ̀, ayò kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan. Iye ni ó ń sọ, kì í sọ ìdí. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ta á.

Mo padà sí Ṣàngó pẹ̀lú ọmọ ayò mẹ́wàá. Mo ní kí Ìyá pín in bí pàǹtí rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó fi méjì sí àpótí, ó fi mẹ́jọ sí gọ́tà. "Bí òjò bá ti ṣú, gọ́tà nìyẹn. Ẹ má dárúkọ mi o." Ó wá ṣàlàyé pé àpótí jìnnà, kò sì sẹ́ni tí òun lè fi ọjà sílẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Pàǹtí tó dí ojú omi wà lára ohun tó jẹ́ kí àgbàrá Ògùnpa ṣọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní August 31, 1980. Ká ní ìwé àkọ́kọ́ ni a gbà gbọ́, a ó kọ ọ́ pé ọjà Ṣàngó mọ́ tónítóní, òjò yóò sì wá já wa nírọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ìdáhùn, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìbéèrè wò. Ire o.