Reference geometry

Àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà máa ń pe ìlà èyíkéyìí tí kò sí lára irin gan-an ní reference geometry. Àpèjù ni. Ohun tí a gbé kalẹ̀ nínú àwòrán ká lè máa wọn nǹkan mìíràn láti ibẹ̀ ni: plane tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò nípọn rárá, axis tí nǹkan ń yí lé lórí, point, àti orírun ìwọ̀n. “Láti ara reference geometry ni mo ti wọn ihò bóòtù yẹn, kì í ṣe láti etí irin.”

Àwọn kan máa ń ṣì í pè ní construction geometry. Construction geometry ò kọjá inú sketch kan ṣoṣo. Ìlà gígé-gígé ni wọ́n fi ń yà á.

Ìgbà tí fáìlì bá ń lọ sínú ètò míì ni ọ̀rọ̀ máa ń dójú ẹ̀. Fáìlì STEP (ISO 10303) máa ń gbé ara irin lọ, ó sì sábà máa ń fi plane àti axis sílẹ̀. Fáìlì STL tiẹ̀ burú jù, onígun mẹ́ta nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí plane rẹ̀ débẹ̀, kó ya surface pẹlẹbẹ kan lé e lórí. Surface ń bá STEP rìn.