Ìwé Ìyọ̀ǹda Àwòrán

Ìwé tí ẹni tó wà nínú fọ́tò fi ń gbà pé kí àwọn onífíìmù lo àwòrán òun ni à ń pè ní ìwé ìyọ̀ǹda àwòrán. Orúkọ ẹni náà, orúkọ fíìmù, ibi tí wọ́n máa ti ṣàfihàn rẹ̀ àti owó, bí ó bá wà, máa ń hàn nínú rẹ̀. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń fọwọ́ sí ti ọmọdé.

Àṣẹ ẹni tó ya fọ́tò yàtọ̀. Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ka ẹni tó yà á sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ẹni tó gbé iṣẹ́ fọ́tò ìdílé rẹ̀ fún un lè dènà kí wọ́n gbé e fáráyé wò. Nítorí náà, bí fíìmù bá fẹ́ gbé fọ́tò bàbá kan kọ́ ògiri pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí olóògbé, ó yẹ kí ìyọ̀ǹda bàbá náà àti ti ẹni tó ya fọ́tò wà lọ́wọ́.

Ìjà lórí lílo àwòrán ènìyàn láì gbàṣẹ ti pẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ New York, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan tẹ àwòrán ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abigail Roberson, sórí ìpolówó láì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀: nǹkan bí ẹ̀dà 25,000. Ó pẹjọ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà kò dá a láre ní 1902. Ìdájọ́ náà bí ará ìlú nínú gan-an, ó sì yẹ kó bí wọn nínú. Ní 1903, àwọn aṣòfin sọ ọ́ di dandan pé kí ènìyàn kọ ìyọ̀ǹda sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lo àwòrán rẹ̀ fún ìpolówó tàbí òwò.