Cream: Ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta tí kò pé ọdún mẹ́ta

Oṣù Keje ọdún 1966 ni Eric Clapton, Jack Bruce àti Ginger Baker dá ẹgbẹ́ olórin Cream sílẹ̀ nílùú London. Clapton ló ń ta gìtá, Bruce ń kọrin, ó sì ń ta gìtá béèsì, Baker sì ni onílù wọn. Orin blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n pò mọ́ rọ́ọ̀kì. Àwo wọn Wheels of Fire, tó jáde lọ́dún 1968, gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n òkìkí kò parí ìjà. Láti inú ẹgbẹ́ Graham Bond, níbi tí Bruce àti Baker ti jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ni aáwọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1968, wọ́n ṣeré ìdágbére ní Royal Albert Hall, wọ́n sì tú ká. Àwo Goodbye jáde lẹ́yìn náà, lọ́dún 1969.

Baker wá sí Èkó. Àwo tí òun àti Fẹlá jọ ṣe jáde lọ́dún 1971. Nígbà tó di ọdún 1973, ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ síbẹ̀.

Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì tún rẹ́: lọ́dún 2005, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún jọ ṣeré ní London àti New York. Bruce kú lọ́dún 2014, Baker sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2019.