Kì í Ṣe Gbogbo Òǹrorò ni Hitler

Bí ẹ bá bi àwọn arúgbó Ìdànrè ní ọdún tí wọ́n bí wọn, ẹ óò rí ẹni tí yóò ní, "Ìgbà ogun Hitler ni." 1939 ló bẹ̀rẹ̀, 1945 ló parí. Ogun òkèèrè ni, ṣùgbọ́n ó kàn wá: àwọn ọmọ wa jà á dé Bọ́mà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń dá iye lé kòkó tí Ìdànrè fi ń jẹun.

Orúkọ ọkùnrin yìí ló wá di èébú. Tíṣà tó na ọmọ, Hitler ni. Alága onímọ́tò tó fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì, Hitler ni. Mo gbọ́ ní gáréèjì Ìdànrè tí ọkùnrin méjì tó ń jiyàn òṣèlú ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni Hitler ṣe gan-an. Ọ̀kan ní, "Ó máa ń pariwo."

Ó tì o! Ní 1933 ló gorí àléfà ní Jámánì. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ń ṣòfin láìsí ilé aṣòfin, ó ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù, ó sì ti ń kó alátakò sí àgọ́ ìjìyà ní Dachau. Ní 1935, ó gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ àwọn Júù. Kí ogun tó parí, wọ́n ti pa bíi 6,000,000 nínú wọn, tọmọdé tàgbà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn ìbò 2023, Datti Baba-Ahmed, tó bá Peter Obi du ipò igbákejì ààrẹ, sọ lórí Channels pé bí wọ́n bá búra fún ẹni tí wọ́n kéde, ìjọba alágbádá dópin nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní ọ̀rọ̀ fáṣíìsì ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ irú Mussolini, ọ̀rẹ́ Hitler. Ni èébú bá bo Ṣóyínká náà. Orúkọ ni a ń jà lé lórí. Ohun tí ọkùnrin náà sọ, bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, kò ráyè mọ́.

Bí a bá ná orúkọ yìí tán sórí tíṣà, kí la ó wá pe ẹni tó bá ti ilé aṣòfin pa lọ́la? Ẹ sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe: "Ó kówó jẹ," "Ó ti alátakò mọ́lé láì gbé e dé kóòtù." Ìyẹn ló máa ń dun ìkà. Bí ẹ bá pè é ní Hitler, ẹ̀rín ni yóò fi rín.

Òkú mílíọ̀nù mẹ́fà kì í ṣe ohun tí a fi ń bú alága onímọ́tò.