Olùkọ́ Tí Ó Kú Kí A Tó Kéde Ogun

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn Ogun Ńlá ti 1914 sí 1918, orúkọ àwọn ọba àti àwọn ọ̀gágun ni a sábà máa ń kọ sí ojú pátákó. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa olùkọ́ mọ orúkọ ọmọ-ogun kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tiwa gan-an.

Jules-André Peugeot ni à ń pè é. Ní 1893 ni a bí i ní Étupes, ìlú kékeré kan ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ó di olùkọ́ ní abúlé kan tí ń jẹ́ Le Pissoux. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé kí gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe iṣẹ́ ogun. Nígbà tí ó kàn án ní 1913, ó fi ẹfun àti pátákó sílẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ kẹrìnlélógójì, ó sì di kọ́pọ́rà níbẹ̀.

Láti 1871 ni Jámánì ti gba ilẹ̀ Alsace lọ́wọ́ Faransé, nítorí náà ni ààlà àwọn méjèèjì fi wà nítòsí. Ní òpin oṣù Júláì 1914, ìjọba Faransé pàṣẹ kí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ fà sẹ́yìn ní kìlómítà mẹ́wàá sí ààlà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé àwọn ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ ìjà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì oṣù Ògọ́ọ̀sì, Peugeot àti àwọn ọmọ-ogun díẹ̀ ń ṣọ́nà lẹ́bàá ilé kan ní abúlé Joncherey. Ọmọbìnrin ilé náà jáde lọ pọn omi. Kò pẹ́ tí ó fi sáré padà tí ó ń ké pé àwọn ará Jámánì dé. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni, Albert Mayer, ìjòyè ogun ọmọ ọdún 22, ni ó ṣíwájú wọn. Peugeot bọ́ síta, ó ní kí wọ́n dúró. Mayer yin ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, ọta kan sì ba Peugeot. Òun náà yìnbọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yìnbọn pẹ̀lú. Mayer já láti orí ẹṣin, ó kú. Peugeot ta gọ́ọ́gọ́ọ́ padà sí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, ó ti kú. Ọmọ ọdún 21 ni.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ogun sí Faransé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe Peugeot ní akọni. Àwa kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò ju ohun tí ọdẹ ọjà èyíkéyìí ń ṣe ní òru lọ, èyíinì ni láti dá àlejò dúró. Ọmọ-ogun Faransé tí ó tẹ̀lé e lọ sí ibojì lé ní 1,300,000. Kí oṣù náà tó parí, ogun kan náà ti mú àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà.

Ní 1922 ni Poincaré, olórí ìjọba Faransé, ṣí ọwọ̀n ìrántí Peugeot ní Joncherey. Àwọn ọmọ-ogun Jámánì wó o ní 1940. A tún un kọ́ ní 1959. Étupes, ìlú rẹ̀, ni a sin ín sí. Illfurth ní Alsace ni ibojì Mayer wà, ilẹ̀ Faransé sì ni ibẹ̀ lónìí. Bí ènìyàn bá gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní ibojì ọ̀kan ní òwúrọ̀, yóò dé ti ìkejì kí oòrùn tó wọ̀.